Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti etí eku: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wa lórí àléjì awọ ní Abẹ́òkúta

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bí iṣẹ́ yìí. Aláró ni, Ìtòkú ló ti ń rẹ aṣọ láti ìgbà tó wà lọ́mọge. Kọ́sítíìkì ti jó o rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ó sì mọ bí ìyẹn ṣe ń ṣe: á ta á lójú ẹsẹ̀, á fi omi púpọ̀ ṣàn án, á sàn. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wá ń bó léraléra, èmi ni mo ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà dúdú fún un, èyí tó nípọn tó dé ìdajì apá, mo ní kó máa wọ̀ ọ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọwọ́ náà burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè hàn mí. Ibi tí ẹnu ìbọ̀wọ́ dé gan-an ni ara sísú náà ti dúró, bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i. Òkè ìlà náà ń dán. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú, ó pọ́n, ó ń ṣomi láàárín ìka.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ yìí sílẹ̀ ná."

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n máa wọ̀ ọ́?"

Èmi ni lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé, kò sì jẹ́ kí n sùn.

Ilé àyẹ̀wò kan lọ́nà Ọbáńtokò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé kí rọ́bà tó di ìbọ̀wọ́, wọ́n ní láti pò ó mọ́ imí ọjọ́, kí wọ́n fi ooru sè é, àti pé àwọn kẹ́míkà kan wà tí wọ́n ń fi sí i kó lè tètè jinná. Ọ̀kan nínú wọn ni 2-mercaptobenzothiazole. MBT ni n ó máa pè é. Ó ń wà nínú táyà, nínú bàtà, nínú ìbọ̀wọ́. Ó sì ti pẹ́ tí àwọn dókítà awọ ti mọ̀ ọ́n sí ohun tó máa ń hun àwọn kan. Ohun tí mo gbé lọ bá ọ̀gá wa ni pé: ṣé àwa náà lè gbé àyẹ̀wò kan dúró níhìn-ín, tó lè sọ bóyá kẹ́míkà ń fa àléjì awọ? Ká kọ́kọ́ fi MBT, tí ayé ti mọ ìdáhùn rẹ̀, dán ara wa wò, ká tó fọwọ́ kan èyí tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Inú ọ̀rá tí kò lórúkọ lára ni àwọn aláró ti ń ra ìyẹ̀fun dáì. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wọn.

Jíjó kọ́ ni àléjì

Mo ní láti tú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kí n tó tẹ̀ síwájú, torí orí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Kọ́sítíìkì ò mọ ọmọ ọba, kò mọ ẹrú. Ẹni tó bá kàn, á jó o, lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àléjì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí kẹ́míkà náà bá kan ara, ènìyàn lè má rí nǹkan kan. Á wọ inú awọ lọ, á so mọ́ puróténì tó bá níbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ awọ á sì gbé e lọ sí àwọn kókó lymph tó wà nítòsí, irú kókó tó máa ń wú lábẹ́ àgbọ̀n tí ọ̀fun bá ń dun ni. Níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì T tó bá dá a mọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pín: ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, wọ́n á tú ká gbogbo ara. Láti ọjọ́ náà lọ, díẹ̀ péré ti tó láti mú awọ wú.

Pípín yẹn ni àyẹ̀wò tí a yàn ń kà. LLNA ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Tẹ́lẹ̀, ẹmọ́ ilé (guinea pig) ni wọ́n ń lò: wọ́n á fi kẹ́míkà kan án, wọ́n á dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tún fi kàn án, wọ́n á wá fi ojú wo bóyá awọ pọ́n. Ojú ènìyàn ló ń ṣèdájọ́. Tí kẹ́míkà náà bá jẹ́ dáì tó ń kun awọ, kí lojú fẹ́ rí? Àwọn onímọ̀ bíi Ian Kimber àti David Basketter ló gbé ti eku jáde, OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbé ìlànà àyẹ̀wò kẹ́míkà kalẹ̀, sì fọwọ́ sí i ní 2002 gẹ́gẹ́ bí ìlànà 429. Inú kókó lẹ́yìn etí ni ó ń wò, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró de ìgbà tí awọ á wú. Eku tó ń lò kéré, ìyà tó ń jẹ wọ́n sì kéré.

Nínú ìlànà 429, thymidine onítànṣán, ọ̀kan lára ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kọ́ DNA rẹ̀ nígbà tó bá ń pín, ni wọ́n ń gún sínú iṣan ìrù eku. A ò ní ìwé àṣẹ fún nǹkan onítànṣán, a ò sì níbi tí a máa da ìdọ̀tí rẹ̀ sí. Nítorí náà, ìlànà 442B tó jáde ní 2010 ni a mú. BrdU ni òun ń lò. BrdU jọ thymidine débi pé sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín á gbé e sínú DNA rẹ̀ láìmọ̀. Lẹ́yìn náà a ó fi àwọ̀ wá a kàn.

Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ẹranko bi wá bóyá kò sí ọ̀nà tí kò ní lo eku rárá. Ó wà. Láti 2015 ni ìlànà 442C ti wà, tó jẹ́ pé inú ìgò ni wọ́n ti ń po kẹ́míkà mọ́ ègé puróténì, wọ́n á wo bóyá ó so mọ́ ọn. Láti 2021 sì ni ìlànà 497 ti ń da irú àwọn àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ pọ̀ láti fi ṣèdájọ́. Ẹ̀rọ HPLC, tó ń ya kẹ́míkà sọ́tọ̀ kó lè wọ̀n wọ́n, ni 442C ń fẹ́, a ò ní in. A fọwọ́ sí ìwé pé tí a bá rí i, ibẹ̀ la ń lọ. Inú mi dùn pé wọ́n bèèrè.

Yàrá eku

22 °C ni ìlànà fẹ́, kó má fi ju 3 lọ lókè tàbí nísàlẹ̀. Oṣù Ẹrẹ̀nà ni a bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta mọ oṣù yẹn: ooru tí àpáta bá mu lọ́sàn-án, alẹ́ ló ń tú u jáde. Tẹ̀mómítà kà 33 láago mẹ́ta ọ̀sán. A fi fóòmù dí fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, a ra bátìrì mẹ́rin mọ́ ìnfátà, a so ẹ̀rọ amúlétutù kékeré mọ́ ọn, a sì fi táímà sí iná kó máa tàn fún wákàtí 12, kó máa kú fún 12. Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà wá.

Irú eku tí wọ́n fi fìdí 442B múlẹ̀ ni CBA/JN. BALB/c ni àwa ní. Ìlànà gbà á, bí ilé àyẹ̀wò bá lè fi hàn pé èsì rẹ̀ ò yàtọ̀. Ìyẹn náà wà lára ìdí tí a fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́míkà tí ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Abo ni gbogbo wọn, ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, tí kò tíì bímọ rí. Bàbá tó ń tọ́jú wọn ló yàn wọ́n, ó sì ní kí n jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ márùn-ún kí n tó fọwọ́ kan ọ̀kankan. "Jẹ́ kí wọ́n mọ òórùn rẹ. Eku tí ẹ̀rù bá ń bà, kò sí òótọ́ kankan tó lè sọ fún ọ." Mo ṣe bí wọ́n ṣe wí.

Ìgbà àkọ́kọ́: mo bà á jẹ́

Kí a tó dé orí MBT, mo fẹ́ rí i pé ọwọ́ wa dúró. Eku mẹ́jọ: mẹ́rin fún ásétónì àti òróró ólífì tí a pò ní 4 sí 1, mẹ́rin fún hexyl cinnamic aldehyde ní 25% nínú àpòpọ̀ kan náà. Kẹ́míkà lọ́fínńdà ni, òun ni ìlànà ń lò láti fi mọ̀ bóyá àyẹ̀wò náà ń ṣiṣẹ́. 25 µL ni a ń kán sí ẹ̀yìn etí kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ kìíní, kejì àti kẹta.

Ásétónì kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu lórí pìpẹ́ẹ̀tì. Mo fa á, kí n tó gbé e dé etí eku, ó ti kán sórí tábìlì. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú orí pìpẹ́ẹ̀tì ni: ásétónì ń di oru sínú rẹ̀, oru náà sì ń ti omi jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa á, kí n tú u padà sínú ìgò, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí n tó fa èyí tí mo máa lò. Ó dúró.

Ẹ̀bi tó tóbi wà nínú ìgò. Ìgò 5 mL kan ṣoṣo ni mo pò fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Eku mẹ́rin, etí méjì-méjì, 25 µL: 0.2 mL lójúmọ́. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó yẹ kí 4.6 mL kù. Mo gbé ìgò náà síwájú iná, mo sì rí i pé kò tó 4. Iná ti lọ lọ́sàn-án Ìṣẹ́gun, bátìrì ò tíì kún, yàrá gbóná, n kò sì dé ìdérí ìgò náà pa. Ásétónì ti fò lọ, òróró àti kẹ́míkà ló kù. Ohun tí mo ń kán sétí wọn kì í ṣe 25% mọ́, kò sì sí bí mo ṣe máa mọ iye tó jẹ́.

Mo lọ sọ fún ọ̀gá. Mo tún lọ sọ fún Bàbá, ìyẹn ló ṣòro jù. Eku mẹ́jọ. A ò ka èsì wọn sí, ṣùgbọ́n a ò jẹ́ kí wọ́n kú lásán: ara wọn ni a ti kọ́ bí a ṣe ń wá kókó náà, ara wọn náà sì ni a ti mọ̀ pé omi 15 mL tí a fi ń po sẹ́ẹ̀lì kókó ti pọ̀ jù fún wa. Ìlànà fẹ́ kí àwọ̀ àwọn eku tí a kò fi kẹ́míkà kàn wà láàárín 0.1 àti 0.2; tiwa jẹ́ 0.07. A sọ ọ́ di 9 mL.

Láti ìgbà náà, ìgò kékeré aláwọ̀ ilẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kan, àárọ̀ ọjọ́ náà ni à ń pò ó, orí yìnyín ló ń jókòó, a sì ń wọ̀n ọ́n kí a tó ṣí i àti lẹ́yìn tí a bá dé e.

MBT

Ìyẹ̀fun aláwọ̀ yẹ́lò rẹ́súrẹ́sú ni. Nínú ásétónì àti òróró, 5% yọ́ pátápátá. 10% ò yọ́ tán: mo gbọ̀n ọ́n, mo jẹ́ kó dúró, ó sì rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò bí ògì tó ń silẹ̀. Ohun tó bá silẹ̀ ò lè bá gbogbo etí dé ọgbọọgba. A kúrò níbẹ̀, a lọ sórí DMF, omi ayọ́hun kan tí ìlànà náà gbà. Ó yọ́ nínú rẹ̀ kedere. Àmọ́ DMF léwu fún ẹ̀dọ̀, awọ ló sì ń gbà wọlé. Ó máa ń gba inú ìbọ̀wọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá kíákíá. Mo wọ méjì lórí ara wọn, mo ń pààrọ̀ wọn léraléra, mo sì ń ronú nípa ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá fà á bọ ọwọ́.

Kí a tó mú ìwọ̀n mẹ́ta, a dán ìwọ̀n gíga wò lára eku méjì-méjì. Máíkírómítà ni a fi ń wọn bí etí ṣe nípọn tó. Etí eku tí kò ní nǹkan kan jẹ́ nǹkan bíi 0.22 mm, a ń pa ẹnu rẹ̀ dé pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ débi tí ó kàn kan awọ, a ò gbọdọ̀ fún un. Ní 25% MBT, ó ti di 0.29 lọ́jọ́ kẹfà. Èyí lé ní ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ìlànà sì ní tó bá ti dé bẹ́ẹ̀, awọ ń bínú jù. Awọ tó ń bínú lè mú kí kókó wú láìsí àléjì kankan níbẹ̀. Sodium lauryl sulphate inú ọṣẹ olómi ti tan àyẹ̀wò yìí jẹ bẹ́ẹ̀ rí: ó ń ta awọ lásán, eku sì ń dáhùn bíi pé àléjì ni. Nikẹ́lì náà ti tàn án jẹ lódìkejì: ó ń hun ènìyàn púpọ̀, àyẹ̀wò yìí sì máa ń fo o dá. Nítorí náà, a ò fi máíkírómítà ṣeré. 2.5, 5 àti 10% ni a mú.

Ẹgbẹ́ mẹ́fà, eku mẹ́rin-mẹ́rin, 24: DMF lásán, ìwọ̀n MBT mẹ́ta, àpòpọ̀ ásétónì lásán, àti hexyl cinnamic aldehyde. Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, a kán an. Ọjọ́bọ̀, a ò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ Ẹtì, a gún BrdU 5 mg sínú ikùn eku kọ̀ọ̀kan, 0.5 mL. Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ náà, tẹ̀mómítà ò kọjá 24.

Àbámẹ́ta

A bẹ̀rẹ̀ láago méje àárọ̀. Wákàtí 24 lẹ́yìn BrdU ni a gbọ́dọ̀ dá wọn dúró, a sì ṣe é bí ìgbìmọ̀ ṣe fọwọ́ sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ kí àwọn tó kù rí i. Lábẹ́ etí, níbi tí iṣan ọrùn ti pín sí méjì, ni kókó náà wà. Lára eku DMF, ó kéré, ó funfun ràkọ̀ràkọ̀, kò tóbi ju hóró tòmátì lọ; ìgbà méjì ni mo fọwọ́ kọjá lórí rẹ̀ láìrí i. Lára eku 10%, mo gé awọ, ó sì yọ lójú ẹsẹ̀, ó rí roboto, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó hóró ọkà bàbà. Mo pe ọ̀gá kí wọ́n wá wò ó. A jọ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

A tẹ kókó náà túká, a sẹ́ ẹ nínú asẹ́ náílọ́ọ̀nù, a da sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sínú páálí oníhò, ihò mẹ́ta fún eku kọ̀ọ̀kan. Agbógun-ti-BrdU, puróténì tó ń lẹ̀ mọ́ BrdU, wọ ibẹ̀, a ṣàn án, a da omi àwọ̀ sí i. Bí BrdU bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni omi náà ń ṣe dúdú bí aró tó.

Ìlànà ní kí a fi ìmọ́lẹ̀ 370 nm kà á. Ẹ̀rọ wa ò ní 370. Odindi ọjọ́ méjì ni mo ti fi wá gíláàsì rẹ̀ kiri kí n tó rántí pé, tí a bá da ásíìdì sọ́fúríkì 1 M sí i, aró náà á di yẹ́lò, 450 la sì máa fi kà á. 450 wà níbẹ̀. Ó ya ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu nígbà tí mo fi fọ́tò rẹ̀ hàn án. Nínú ìkòkò tiwọn, yẹ́lò bíi ewé ni aṣọ máa ń ní nígbà tó bá kọ́kọ́ jáde, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. "Tiyín ń padà sẹ́yìn," ni wọ́n wí.

Èsì

A pín àròpín ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ti àwọn tí a kò fi kẹ́míkà kàn. 1.6 ni ààlà: ohun tó bá dé ibẹ̀ tàbí tó kọjá rẹ̀ ń fa àléjì. Hexyl cinnamic aldehyde jẹ́ 2.8, nítorí náà àyẹ̀wò náà wà láàyè. MBT ní 2.5% jẹ́ 1.4, 5% jẹ́ 2.2, 10% jẹ́ 3.4. Ó ń gòkè bí ìwọ̀n ṣe ń gòkè. Etí àwọn eku 10% kúrò ní 0.22, ó dúró sí 0.24 mm lọ́jọ́ kẹfà, ìyẹn bíi ìdá 9, nítorí náà kì í ṣe pé awọ kàn ń bínú. Tí a bá fa ìlà láàárín 2.5 àti 5, ó ré ààlà kọjá ní nǹkan bíi 3.1%. Ohun tí ayé ti mọ̀ nípa MBT náà nìyẹn: ó ń fa àléjì, kò gbóná tó DNCB, kẹ́míkà àléjì mìíràn tó jẹ́ pé díẹ̀ bíńtín ti tó, kò sì ṣeé fojú fò.

Eku ò lè sọ ohun tó ń ṣe ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Kẹ́míkà ni ó ń jẹ́rìí sí, kì í ṣe ènìyàn kan pàtó. Mo mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ. Dókítà lẹ kẹ́míkà oríṣiríṣi mọ́ wọn lẹ́yìn, MBT 2% nínú jẹ́lì wà lára wọn, wọ́n yọ ọ́ lẹ́yìn wákàtí 48. Lọ́jọ́ náà, ojú MBT ti pọ́n. Nígbà tí a padà lọ ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ó ti wú, ó sì ní róro wẹ́wẹ́. Ojú dáì tí wọ́n ń rẹ aṣọ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ PVC ni ẹ̀gbọ́n mi ń wọ̀ báyìí, torí kò nílò MBT, wọ́n sì ń wọ òwú tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀ kí òógùn má bàa rẹ ọwọ́. Èmi ni mo tún rà á. Mo ka gbogbo ohun tó wà lára páálí rẹ̀ kí n tó sanwó. Ọ̀sẹ̀ kẹrin nìyí. Ìlà tó wà ní apá wọn ti ń parẹ́, ṣùgbọ́n àárín ìka ṣì ń bó.

Ohun tó kù láti ṣe: eugenol tó wà nínú kànáfùrù, tó yẹ kó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, àti lactic acid, tó yẹ kó dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rá ìyẹ̀fun aláìlórúkọ àkọ́kọ́ láti Ìtòkú. Bàbá ti ya eku sọ́tọ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo máa lọ jókòó tì wọ́n.